Ṣé Ìwà Ni, àbí Àìsàn? Ẹ̀yin Béèrè, Àwa Dáhùn

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú púpọ̀ wọn. Ẹnìkan wà nínú ilé tí ìwà rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní orúkọ kan, orúkọ náà kò sì yé wọn. Personality disorder ni àwọn dókítà ń pe irú àìsàn yìí. Àìsàn ìwà ni àwa yóò máa pè é lójú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ká tètè sọ ọ́: kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ là ń wí. Ìwà tí à ń sọ ni bí èèyàn ṣe ń wo ara rẹ̀, bó ṣe ń wo ẹlòmíì, bí inú rẹ̀ ṣe ń ru tó sì ń rọ̀, àti bó ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Tí ìwọ̀nyí bá ti wọ́ láti ìgbà èwe, tí wọ́n wọ́ níbi gbogbo, tí ayé onítọ̀hún kò sì lójú nítorí rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ dókítà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 22, ń lọ sí yunifásítì níbí. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 15 ni inú rẹ̀ ti máa ń yí bí ojú ọjọ́. Ọ̀rẹ́ tó ń yìn láàárọ̀, tó bá di alẹ́ á ní ọ̀tá òun ni. Lọ́dún tó kọjá ó ná owó ilé ìwé tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo rí i pé aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ nínú oòrùn. Ìgbà tó ń fọ abọ́ tó ká apá sókè ni mo rí ojú bílẹ́ẹ̀dì lọ rẹrẹ. Ilé àdúrà ní emèrè ni. Ilé ìwòsàn kan wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní bipolar ni. Òmíràn ní borderline ni. Èwo ni kí n gbà? — Ìyá olóúnjẹ, Tákìe, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Apá ọmọ yín la ó kọ́kọ́ mú. Orúkọ àìsàn lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú bílẹ́ẹ̀dì kò lè dúró. Ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ má sì fipá bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láti wá àpá. Ẹ jókòó tì í nígbà tí ilé bá dákẹ́, kí ẹ bi í ní tààrà: «Ṣé ó máa ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o kú?» Bíbéèrè yìí kì í gbin èrò ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya ara wọn, ikú kọ́ ni wọ́n ń wá. Ìrora ọkàn ti pọ̀ jù, wọ́n ń fi ìrora ara bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya ara lónìí kó lè rí ìtura lè wá ikú lọ́la, nítorí náà a kì í fojú kéré rẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tó sì ti ro ọ̀nà tó fẹ́ gbà, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò, oògùn òyìnbó àti bílẹ́ẹ̀dì kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó wá ku orúkọ. Bipolar ni àìsàn tí inú èèyàn fi ń ga jù ní sáà kan, tó sì lè rẹlẹ̀ jù ní sáà mìíràn. Borderline jẹ́ ọ̀kan lára àìsàn ìwà. Lójú ẹni tó wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bipolar àti borderline jọra. Inú máa ń ru nínú méjèèjì, owó máa ń fò lọ, ìjà máa ń pọ̀. Aago àti kàlẹ́ńdà ló ń yà wọ́n. Nínú bipolar, tí ara bá yá gágá jù, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún odidi ọjọ́ méje ó kéré tán. Èyí tó rọra níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin. Onítọ̀hún lè sun wákàtí méjì péré kó jí bí ẹni tó sùn wọra, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìdúró, kò sì dìgbà tí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ẹ́. Tó bá ti lọ, ó lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Nínú borderline, wákàtí ni à ń kà. Inú lè dùn láàárọ̀, kó bàjẹ́ lọ́sàn-án, kó tún dùn lálẹ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kó kọjá ọjọ́ mélòó kan. Tí ẹ bá tọpa rẹ̀, ẹ ó rí i pé nǹkan kan láàárín òun àti ẹlòmíì ló dá a sílẹ̀: ọ̀rẹ́ kò gbé fóònù, àfẹ́sọ́nà ní òun ń bọ̀ kò sì yọjú. Èèyàn kan ṣoṣo sì lè ní méjèèjì pa pọ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ìgbà tí inú yí, ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó yí, ìgbà tó rọlẹ̀, àti iye wákàtí tó sùn. Báyìí ni kó rí: «Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2 ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò dáhùn. Ó sunkún, ó sọ fóònù mọ́lẹ̀. Aago 6, ó ń dín dòdò, ó ń kọrin. Oorun: wákàtí 7.» Ojú ewé mẹ́ta irú èyí wúlò fún dókítà ju «ó máa ń ṣe bákan» lọ. Kí ọmọ náà mọ̀ pé ẹ ń kọ ọ́ o. Tó bá lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó tún dáa jù.

Kí dókítà tó lè ní borderline ni, àmì mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, márùn-ún ó kéré tán gbọ́dọ̀ pé: kí ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ máa mú un sáré kiri, kí àjọṣe rẹ̀ máa fò láti ìfẹ́ àfẹ́jù sí ìkórìíra, kó má mọ ẹni tí òun jẹ́ gan-an, kó máa ṣe nǹkan láìronú níbi méjì ó kéré tán, bíi owó, ọtí, ìbálòpọ̀, àjẹjù tàbí ìwakọ̀, kó máa pa ara rẹ̀ lára tàbí kó máa halẹ̀ ikú léraléra, kí inú máa yí ní wákàtí sí wákàtí, kí inú rẹ̀ máa ṣófo nígbà gbogbo, kí ìbínú rẹ̀ máa kọjá bó ṣe yẹ, kó sì máa fura òdì tàbí kó máa dà bíi pé òun kò sí nínú ara òun nígbà tí wàhálà bá dé. Nínú lẹ́tà yín, mẹ́ta la rí tó dúró dáadáa: inú tó ń yí, ọ̀rẹ́ tó ń di ọ̀tá, àti apá tó ń ya. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé kò tíì tó àmì kan, torí ibì kan ṣoṣo ni, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwa kò lè ti orí lẹ́tà yín sọ pé borderline ni. Ẹni tó sọ ọ́ láìbéèrè nípa mẹ́fà tó kù, ó yára jù.

Àtikà àmì kọ́ ló sì yẹ kó ṣáájú. Kí dókítà tó ka ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ rí i pé nǹkan náà kan méjì ó kéré tán nínú mẹ́rin wọ̀nyí: bí ẹni náà ṣe ń ronú, bí inú rẹ̀ ṣe ń rí, bó ṣe ń bá èèyàn gbé, àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Ó gbọ́dọ̀ rí i nílé, ní kíláàsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkọ ìyá rẹ̀ nìkan ló ti ń bínú, ọ̀dọ̀ ọkọ ìyá yẹn ni ká lọ wò. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìlànà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, IPDE, tó ní kí ìwà kan tó wọ ìṣirò, ó gbọ́dọ̀ ti wà fún ọdún 5, kí ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn àmì náà sì ti hàn kó tó pé ọmọ ọdún 25. Ìdí nìyẹn tí wọn yóò fi fẹ́ rí ẹ̀yin gan-an, ìyá tó mọ ọmọ nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọn yóò sì fẹ́ rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò ọpọlọ tó ń fi àìsàn ìwà hàn. Síbẹ̀ wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè yọ ohun mìíràn kúrò: thyroid, ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn, tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, igbó, tramadol, kodíìnì. Tí oògùn olóró bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, orúkọ àìsàn ìwà tí wọ́n bá fún un kí ara rẹ̀ tó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ṣeé gbára lé. Kí wọ́n sì fi sùúrù bi í bóyá ẹnìkan ti fipá bá a lò rí tàbí ohun burúkú kan ti ṣẹlẹ̀ sí i ní kékeré. Kí ẹ̀yin jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bi í ní èyí, ẹ jọ̀ọ́.

Ní ti emèrè, a kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́, àdúrà kò sì dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Ohun tí a kò fẹ́ ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán, àti ebi tí wọ́n sọ ní ààwẹ̀. Ọmọ tí ìbẹ̀rù rẹ̀ tó tóbi jù jẹ́ pé kí wọ́n má kọ òun sílẹ̀, tí ẹ bá wá dè é mọ́lẹ̀ láàárín àjèjì, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín mú ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣẹ.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé kan ní àìsàn ìwà mẹ́wàá ló wà, olùkọ́ wa ní ọ̀kan ṣoṣo ni báyìí. Èwo ni ká kọ sínú fáìlì aláìsàn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Under-G

Ìdáhùn: Àbúrò wa, ìwé yẹn tọ̀nà, olùkọ́ yín náà tọ̀nà. Ìwé méjì ni wọ́n ń lò jù láyé láti pín àìsàn ọpọlọ sí ìsọ̀rí.

Èyí tó ka mẹ́wàá ni DSM, ìwé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 1952. Ẹ̀dà kẹta, ní 1980, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì ní ení, èjì, kí dókítà méjì tó wo aláìsàn kan náà lè sọ ohun kan náà. Ẹ̀dà karùn-ún dé ní 2013, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ní 2022. Agbo mẹ́ta ni mẹ́wàá yẹn pín sí. Agbo A ni àwọn tí ìwà wọn ṣàjèjì: paranoid, afura tó gbà pé gbogbo èèyàn fẹ́ rẹ́ òun jẹ, schizoid, tí kò wá ọ̀rẹ́, tí kò sì dùn ún, schizotypal, tí èrò, ọ̀rọ̀ àti ìmúra rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn. Agbo B ni ti àwọn tí inú wọn máa ń ru sókè: antisocial, tó ń tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíì mọ́lẹ̀ tí kò sì kábàámọ̀, borderline, histrionic, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tí gbogbo ojú bá wà lára rẹ̀, narcissistic, tó gbà pé kò sí irú òun, tí kò sì rí ti ẹlòmíì rò. Agbo C ni ti ẹ̀rù: avoidant, tó fẹ́ ọ̀rẹ́ ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rù ẹ̀gàn kò jẹ́, dependent, tí kò lè dá pinnu ohunkóhun, obsessive-compulsive, tí ètò àti pípé pérépéré kì í jẹ́ kó parí iṣẹ́.

Iye àmì tó gbọ́dọ̀ pé kò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ìdánwò ti máa ń mú yín: 4 nínú 7 fún paranoid, schizoid àti avoidant, 5 nínú 9 fún schizotypal, borderline àti narcissistic, 5 nínú 8 fún histrionic àti dependent, 4 nínú 8 fún obsessive-compulsive, 3 nínú 7 fún antisocial.

Ibi méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣì í. Schizoid àti avoidant, àwọn méjèèjì ló ń dá jókòó. Ẹ bi wọ́n pé: «Tí ẹ̀rù kò bá bà ọ́, ṣé wàá fẹ́ ní ọ̀rẹ́?» Avoidant á ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú rẹ̀ á sì sọ ọ́ kó tó sọ ọ́, schizoid á ní kí lòun fẹ́ fi ọ̀rẹ́ ṣe. Èkejì ni obsessive-compulsive ti ìwà àti OCD, àìsàn mìíràn tí èrò kan fi ń fipá mú èèyàn ṣe ohun kan náà léraléra. Ẹni tó ní OCD mọ̀ pé fífọ ọwọ́ nígbà ogójì ń ni òun lára, ó ń wá ẹni tó máa gba òun. Ẹni tó ní ti ìwà rí ara rẹ̀ bí ẹni tó tọ́, àwọn yòókù ló ń ṣe wúruwùru lójú tirẹ̀.

Ìṣòro tó wà nínú kíkà yìí kò kéré. Ẹ mú borderline, kí ẹ ṣírò iye ọ̀nà tí èèyàn lè gbà mú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́sàn-án: 126, 84, 36, 9 àti 1, ó di 256. Aláìsàn méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú orúkọ kan náà kó jẹ́ àmì ẹyọ kan péré ni wọ́n jọ ní. Lódì kejì, aláìsàn kan lè gba orúkọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní àmì mẹ́rin kò sì ní nǹkan kan lójú ìwé, kódà bí ayé rẹ̀ ti dojú rú.

Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi tú u palẹ̀ nínú ICD-11, ìwé ìpínsísọ̀rí tirẹ̀, tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2022. Níbẹ̀, àìsàn ìwà ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè ni bó ṣe le tó, kóòdù ló tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: díẹ̀, 6D10.0; níwọ̀nba, 6D10.1, púpọ̀, 6D10.2. Ó gbọ́dọ̀ ti pẹ́, wọ́n ní bí ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn náà ni ẹ ó fi àbùdá kún un, láti inú márùn-ún: inú tó ń bàjẹ́ ṣáá (6D11.0), yíya ara sọ́tọ̀ (6D11.1), àìka ẹlòmíì sí (6D11.2), àìlèkó ara ẹni níjàánu (6D11.3), àti àgídí ètò (6D11.4). Borderline ṣì ráyè bí àfikún, 6D11.5. Schizotypal kò sí lára àìsàn ìwà níbẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn àìsàn bíi schizophrenia ló wà, 6A22. Ẹni tí ìwà rẹ̀ le díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tó àìsàn, QE50.7 wà fún un, kò sì túmọ̀ sí pé ó ń ṣàìsàn.

Bí àpẹẹrẹ, ohun tí a lè kọ sínú fáìlì nìyí: «6D10.1, 6D11.0, 6D11.3, 6D11.5», lẹ́yìn náà ẹ fi gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ àti nílé aláìsàn. Lójú tiwa, bó ṣe le tó ló wúlò jù fún ilé ìwòsàn tí aláìsàn pọ̀ sí tí dókítà ọpọlọ kò tó. Òun ló ń sọ fún nọ́ọ̀sì ẹni tó yẹ kó padà wá lọ́la àti ẹni tó lè wá lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ bíi «antisocial» lójú fáìlì kì í sọ ìyẹn. Ohun tó sábà ń ṣe ni pé nọ́ọ̀sì tó bá kà á á ti bínú sí aláìsàn kó tó rí i, ìyẹn sì máa ń dùn wá.

Ìbéèrè: Bàbá àwọn ọmọ mi jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 58, oníwà tútù. Láti ọdún tó kọjá ó ń sọ̀sọkúsọ níwájú àna, ó ń mú ẹran nínú abọ́ ẹlòmíì, ojú kò sì tì í. Ẹbí ní ìwà rẹ̀ gan-an ló jáde. — Ìyá Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Rárá o, Ìyá wa. Àìsàn ìwà kì í dúró di ọdún 57 kó tó yọjú. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún hu ìwà tútù, tó wá yí padà lójijì, inú orí ni kí wọ́n lọ wò. Irú àìsàn ọpọlọ kan wà tó ń jẹ iwájú ọpọlọ, ó sábà máa ń mú èèyàn láàárín ọdún 45 sí 65, ìtìjú ló sì máa ń kọ́kọ́ gbé lọ, kì í ṣe ìrántí. Rọpárọsẹ̀ kékeré, kókó inú orí, ìṣubú tó gba orí, àtọ̀sí olóde (syphilis) tó ti pẹ́ lára àti ọtí náà lè ṣe é. Kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n yẹ ṣúgà, thyroid, HIV àti àtọ̀sí olóde wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò orí. Ẹ má dúró di ọdún tuntun. Ẹ fi ọgbọ́n gba káàdì báńkì lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ibi owó ìfẹ̀yìntì ni irú àìsàn yìí ti máa ń ba ilé jẹ́.

Ìbéèrè: Ọkọ mi, mẹ́káníìkì, ẹni ọdún 41, kì í jẹun níta, kì í fi fọ́tò ọmọ síta, ó ní ayé ń ṣọ́ òun. Àna wa kan tó ti òkè òkun dé ní paranoid ni. Ṣé gbogbo Yorùbá ló wá ya paranoid ni? — Ìyàwó ilé, Ọwọ́dé, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ìbéèrè yín gún régé. DSM fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ìwà gbọ́dọ̀ ya kúrò nínú ohun tí àwọn èèyàn ibi tí ẹni náà ti wá ń retí. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé láti kékeré pé ayé le, àìjẹun níta kì í ṣe àmì. Ẹ má fi ọkọ yín wé àna tó ti òkè òkun dé. Ẹ fi wé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń tún mọ́tò ṣe, àwọn tí wọ́n jọ ń jọ́sìn. Tí wọ́n bá ń bẹ̀rù ayé bó ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun tó lè mú wa ronú ni èyí: ṣé àwọn tó ti ṣe é lóore náà ló ń fura sí? Tí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn án, ṣé ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀, àbí ẹni tó mú ẹ̀rí wá náà á di ọ̀tá? Ṣé ó ṣì ń di ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá sínú? Ṣé ó ń fi àgbèrè kàn yín láìsí ohun tó rí? Ṣé oníbàárà mélòó ló ti sá nítorí pé ó ka ọ̀rọ̀ lásán sí èébú? Tí bẹ́ẹ̀ ni bá pọ̀, tó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ra yín, ẹ gbé e lọ. Kí dókítà sì béèrè bóyá ìjà ilẹ̀ tàbí ogún wà nínú ẹbí, torí nígbà mìíràn wọ́n ń ṣọ́ èèyàn lóòótọ́. Tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹ̀yin kò gbọ́, àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì ní oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ má fi falẹ̀. Tó bá ti ń gbé ọwọ́ sí yín, ẹ kó ara yín àti ọmọ lọ síbi tí ẹ̀mí yín ti balẹ̀ kí ẹ tó máa wá orúkọ àìsàn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 14, ń jalè, ó ń sá nílé ìwé, ó dáná sun ewúrẹ́ aládùúgbò. Tíṣà rẹ̀ ní antisocial ni. — Bàbá kan, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Bàbá wa, kò sẹ́ni tó lè pe ọmọ ọdún 14 ní antisocial. Ó di ọdún 18. Orúkọ tó lè jẹ́ tirẹ̀ ni conduct disorder, àìsàn ọmọ tó ń tẹ òfin àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíì mọ́lẹ̀ léraléra: 3 nínú àmì 15 láàárín oṣù 12, kí ọ̀kan ó kéré tán sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 6. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í di antisocial tí wọ́n bá dàgbà, pàápàá tí wọ́n bá tètè rí ìrànlọ́wọ́. Iná tó dá sí ẹranko lára ló bà wá lẹ́rù jù, nítorí náà ẹ má dúró. Kí wọ́n yẹ ojú, etí àti ìwé kíkà rẹ̀ wò. Ọmọ tí kò ríran pátákó lè sá nílé ìwé. Kí wọ́n béèrè nípa igbó, kí wọ́n sì béèrè bóyá ẹnìkan ń lu òun náà. Pàṣán yín kò ní tún un ṣe, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń na ẹni tí kò lágbára ni. Òfin méjì péré nílé, kí ìyá àti bàbá jọ sọ ohun kan náà, kí ìyà rẹ̀ kéré kó sì dájú: lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé àìsàn ìwà ní oògùn? Ibo la sì ń lọ? — Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ló béèrè èyí

Ìdáhùn: Kò sí oògùn tí wọ́n ṣe fún àìsàn ìwà fúnra rẹ̀. Oògùn lè wà fún ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àìsàn mìíràn tó bá a rìn. Tí ẹnìkan bá ń kọ Valium fún ọmọ tó ń ya ara rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ béèrè ìdí; oògùn náà máa ń di bárakú, ó sì lè tú ìjánu tó ṣẹ́kù. Ìtọ́jú gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ sísọ tó ní ìlànà. Fún borderline, èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù ni DBT, tí Marsha Linehan dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ìjókòó kan pẹ̀lú olùtọ́jú àti ìjókòó kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì sábà máa ń gba bí ọdún kan. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ṣeé ṣe nílé: tí ìfẹ́ láti ya ara bá dé, kó ri ojú bọ inú abọ́ omi tútù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kó sì sún ohunkóhun tó fẹ́ ṣe síwájú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn kó má dán ti omi yẹn wò. Ìwádìí tó tẹ̀ lé àwọn tó ní borderline fún ọdún mẹ́wàá fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àmì wọn kò pé márùn-ún mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí àárẹ̀ bá mú yín.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Aro ní Abẹ́òkúta, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1954, wà fún èyí tó bá le jù. Ẹ tètè jí lọ gba káàdì. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, èsì sẹ́kọ́ńdìrì tí tíṣà kọ ọ̀rọ̀ sí lára, àti páálí gbogbo oògùn tó ti lò, títí kan àgbo. Kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n kó tó pé ọmọ ọdún 15 bá a lọ. Nígbà tí dókítà bá sọ orúkọ àìsàn, ẹ bi í ní méjì yìí kí ẹ tó dìde: «Kí ni ẹ ti yọ kúrò kí ẹ tó dé ibi orúkọ yìí?» àti «Ọjọ́ wo la tún máa rí yín?» Kí ẹ kọ èsì méjèèjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀.